Ìlà Tó Wà Láàárín Èmi àti Odò

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Èbìbí

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ọ̀gá mi ní yunifásítì yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wọn lánàá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kán. Mo lọ kí wọn ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ náà rọ̀ mọ́ irin, àmọ́ kò sóhun tó ṣe ẹnu wọn. Mi ò tíì jókòó tán tí wọ́n fi ní, "Iṣẹ́ odò yẹn, ọwọ́ ẹ ló wà báyìí."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ máa ń lo àwọn ẹ̀rọ ńlá yẹn, sà. Èmi ò fọwọ́ kàn wọ́n rí."

"Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn wọ́n. Lọ bá ẹni tó ń tọ́jú wọn."

Ẹnjiníà tó ń ṣọ́ dáàmù fẹ́ mọ ibi tí omi máa dé tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn dáàmù lásìkò òjò ọdún yìí: òpópónà wo ló máa rì, èwo ló máa wà ní gbígbẹ, ibo ni kí wọ́n kó àwọn ará ìsàlẹ̀ odò lọ. Ó fẹ́ máàpù tó fi gbogbo rẹ̀ hàn kí oṣù Òkúdù tó parí. Kọ̀ńpútà orí tábìlì mi máa ń lo odindi ọjọ́ kan lórí òpópónà kan ṣoṣo, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré. Tí mo bá gbára lé e, omi á ti wá, á ti lọ, kí n tó ṣe ìdajì.

Oòrùn mú gan-an. Òjò ò tíì jọ pé ó ń bọ̀.

Ìṣẹ́gun, 5 Èbìbí

Mo lọ bá ọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ ní ìsàlẹ̀ ilé ìkàwé. Ọ̀gá Sùúrù ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí ìbéèrè tí wọ́n bi í tí kì í kọ́kọ́ fi "ẹ ṣe sùúrù" dáhùn. Ó wọ súwẹ́tà nínú ooru yìí. Ìgbà tó ṣílẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ ni mo tó mọ ìdí rẹ̀. Òtútù ibẹ̀ lè mú kí eyín èèyàn máa gbá ara wọn, ariwo fáànù sì dà bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Kọ̀ńpútà tò lérí ara wọn láti ilẹ̀ dé àjà, iná wẹ́wẹ́ ń ṣẹ́jú lára wọn.

Ó ní, "Gbogbo yunifásítì ló ni wọ́n, torí náà kò sẹ́ni tó ń wá jókòó tì wọ́n. Ẹ ó kọ ohun tí ẹ fẹ́ sínú fáìlì: iye kọ̀ńpútà, iye wákàtí, bí àyè ṣe máa tóbi tó. Ẹ ó fi í ránṣẹ́. Apínṣẹ́ á tò yín sórí ìlà. Tó bá kàn yín, á ṣe é, á sì fi èsì ránṣẹ́."

"Ta ni Apínṣẹ́?"

"Ẹ ṣe sùúrù. Kì í ṣe èèyàn, ètò kan ni, inú kọ̀ńpútà níbẹ̀ ló ń gbé. Ẹ ò lè bẹ̀ ẹ́, ẹ ò sì lè bá a ṣeré."

Ọjọ́bọ̀, 7 Èbìbí

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ mi wọlé, ó sì jáde lófìfo kí n tó mu ife omi kan tán. Mo ti ṣi orúkọ fódà tí fáìlì wà kọ. Lẹ́tà kan péré.

Ẹtì, 8 Èbìbí

Ojú tì mí lónìí. Mo rò pé bí mo bá ti wọlé sínú ẹ̀rọ náà, mo ti débi iṣẹ́ nìyẹn. Mo bá tan iṣẹ́ odò sílẹ̀ níbẹ̀, kò tilẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Apínṣẹ́ kọjá. Mi ò mọ̀ pé kọ̀ńpútà ẹnu ọ̀nà lásán ni mo wà, èyí tí gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. Láìpẹ́, kò sẹ́ni tó lè tẹ ohunkóhun mọ́. Ọ̀gá Sùúrù kọ̀wé sí gbogbo wa pé: "Ẹnì kan gbé ààrò sẹ́nu ọ̀nà, ó ń dáná níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kó gbé e wọ ilé ìdáná."

Kò dárúkọ mi, àmọ́ mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a.

"Èmi ni mo ń dáná."

"Mo mọ̀. Orúkọ yín wà níbẹ̀ gàdàgbà." Ó fa àga kan fún mi. "Gbogbo wa la ti dáná níbẹ̀ rí. Èmi, ẹ̀ẹ̀mejì. Èkejì, mo ti di ọ̀gá nígbà yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ajé, 11 Èbìbí

Mo pinnu pé mi ò ní fi ṣeré mọ́. Mo béèrè ogójì kọ̀ńpútà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú àyè tó tóbi jù lọ tí wọ́n ń fúnni. Mo kó gbogbo òpópónà ìsàlẹ̀ odò jọ sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Apínṣẹ́ gbà á láìjanpata, ó sì kọ síwájú rẹ̀ pé: ó ń dúró.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé pẹ̀lú wa látìgbà tí orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, wò mí títí nídìí oúnjẹ alẹ́.

"Ìyàwó mi, kí ló dé tó o fi ń yọ fóònù wò bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò?"

"Orí ìlà ni mo wà, Màmá."

"Ìlà kí ni? Orí àga lo wà."

Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní kí n fi ìlà ọ̀hún han àwọn. Mo gbé fóònù fún wọn. Orúkọ kan ṣoṣo ló tò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ti ọkùnrin tó ń wo ìràwọ̀ ni, tí àwọn èèyàn ń pè ní Oníràwọ̀. Mi ò rí i sójú rí.

Màmá bọ́ awò ojú wọn. "Ẹnì kan ṣoṣo ló gba gbogbo ilẹ̀ yìí? Ta ló tọ́ ọkùnrin yìí dàgbà?"

Ọjọ́bọ̀, 14 Èbìbí

Ó ṣì ń dúró. Láàárọ̀, Màmá ní, "Ó ti kàn ọ́?" Lọ́sàn-án, wọ́n pè mí lórí fóònù, "Ó ti kàn ọ́?" Nírọ̀lẹ́, bàbá ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò kí mi, kò bọ́ bàtà, "Ó ti kàn ọ́?" ló fi wọlé.

Kò tíì kàn mí.

Ẹtì, 15 Èbìbí

Ọ̀gá Sùúrù wo ohun tí mo béèrè, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu kí n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ ní kí Apínṣẹ́ kó gbogbo ilé fún yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà wo lẹ rò pé ilé máa ṣófo báyẹn?"

"Ṣé Oníràwọ̀ kọ́ ló há mi mọ́ ni?"

"Ti Oníràwọ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n kéré. Wákàtí kan, kọ̀ńpútà kan. Ibi tí àyè bá ti yọ ni wọ́n ń bọ́ sí. Ẹ fọ́ tiyín sí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ sì sọ iye wákàtí tí ẹ nílò gan-an. Tí Apínṣẹ́ bá mọ̀ pé ẹ máa tètè dìde, á fún yín níjòókòó."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá nílé, ó yé wọn kíákíá ju bó ṣe yé mi lọ. "Bíi bọ́ọ̀sì ni. Ìdílé ńlá tó láwọn ò ní ya ara àwọn á dúró de bọ́ọ̀sì tó ṣófo. Ẹni tó dá wà á há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á sì máa lọ." Wọ́n ronú díẹ̀. "Ọmọ ìràwọ̀ yẹn gbọ́n. Àmọ́ mi ò tíì fẹ́ràn rẹ̀."

Ọjọ́ Ajé, 18 Èbìbí

Mo pa iṣẹ́ ńlá náà rẹ́, mo sì fọ́ ọ sí òpópónà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ńpútà kan, wákàtí mẹ́rin. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ láago mẹ́sàn-án. Kó tó di ọ̀sán, díẹ̀ lára wọn ti ń ṣiṣẹ́. Mo jókòó, mò ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo pe ilé.

"Màmá, ó ti kàn mí."

Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà, "Ó ti kan ìyàwó mi." Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń sọ fún. Ó dà bíi pé ẹni tó ń ka mítà iná ni.

Ọjọ́rú, 20 Èbìbí

Apínṣẹ́ pa gbogbo èyí tó jẹ́ ti ẹ̀bá odò. Wákàtí mẹ́rin ni mo ní mo fẹ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí wákàtí mẹ́rin pé. Kò wojú ẹnikẹ́ni. Ó dá wọn dúró, gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe sì dànù. Mo lọ sínú ilé ìwẹ̀, mo sunkún díẹ̀, mo bọ́jú, mo jẹ búrẹ́dì àti ẹyin.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún mi láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn pé kí n kọ́ iṣẹ́ náà láti máa fi ibi tó bá dé pamọ́ lóòrèkóòrè, kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n bá dá a dúró. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò tètè sọ.

"Ìwọ náà ò bi mí."

Ẹtì, 22 Èbìbí

Ó yẹ kí n kọ ti ọjọ́ yìí sílẹ̀ dáadáa, torí mo da nǹkan rú gan-an.

Mo ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fi ibi tó bá dé pamọ́. Mi ò sọ pé kó máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Gbogbo wọn ń pamọ́, wọ́n ń pamọ́, títí ibi tí gbogbo wa ń kó nǹkan sí fi kún fọ́fọ́. Iṣẹ́ gbogbo èèyàn dúró gbọnrangandan. Mò ń pa tèmi rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síbẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ kan kò bọ́ sójú ihò rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni odò?"

"Èmi ni."

"Èmi ni ìràwọ̀."

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo ní kó má bínú, pé tèmi ló fa gbogbo rẹ̀, mo sì ti pa èyí tó pọ̀ jù rẹ́. Ó ní òun fẹ́ bínú lóòótọ́, òun ti ń ronú ohun tí òun máa sọ láti orí àtẹ̀gùn, àmọ́ nígbà tó rí bí mo ṣe ń tẹ kọ̀ńpútà, ọ̀rọ̀ náà sá lọ. Ó jókòó. Ó fi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú méjì péré hàn mí, tuntun àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí ìyókù máa lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mò ń ṣe gan-an. Mo fi àwọn òpópónà ìsàlẹ̀ odò hàn án. Ó fi ìka lé ọ̀kan.

"Ibí ni bàbá mi ti ń jó irin pọ̀. Òpópónà àwọn alájópọ̀ irin nìyí."

Mo sọ fún Màmá nírọ̀lẹ́ pé ọmọlúàbí ni. Wọ́n ní, "Kò burú. Kó wá jẹun lọ́jọ́ kan, n ó fojú ara mi wò ó."

Ọjọ́rú, 27 Èbìbí

Òjò gidi àkọ́kọ́. Bàtà rọ́bà ti di ìlọ́po méjì iye tí wọ́n ń tà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ra ti ọmọ, mo fi tèmi sílẹ̀. Àwọn òpópónà kéékèèké ti ń parí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Òkúdù

Ìlà kò sún rárá lónìí. Mo lérò pé mo tún ti ba nǹkan jẹ́. Ọ̀gá Sùúrù ní rárá, Apínṣẹ́ máa ń wo bí olúkúlùkù ṣe lò ó lẹ́nu àìpẹ́ yìí. "Ẹ ti jẹun yó lóṣù tó kọjá. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ebi ń pa jẹun."

Ó tọ́.

Ọjọ́rú, 3 Òkúdù

Ẹnjiníà dáàmù pè mí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ máa ń dún bíi pé orí òkè ló wà, tí èmi wà nísàlẹ̀. Ará Kọ̀ńpútà ló sọ mí.

"Ará Kọ̀ńpútà, òjò ti pọ̀ lókè odò ju bí a ṣe rò lọ. A ò lè dúró dìgbà tí oṣù máa parí. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ọjọ́ kejìlá, a máa ṣí ilẹ̀kùn. A ti ní ká kó àwọn èèyàn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orí òkè. Mo fẹ́ kí máàpù yín jẹ́rìí sí i."

Àwọn òpópónà kéékèèké tí mo ti ṣe kò tó. Omi tó bá jáde ní òpópónà kan ló ń wọ èkejì, kò mọ ààlà tí mo fà. Mo ní láti da gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ogójì kọ̀ńpútà tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, fún ọjọ́ méjì. Mo fi í ránṣẹ́. Apínṣẹ́ sọ ọjọ́ tó rò pé ó máa bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Mo sáré lọ sísàlẹ̀. Ọ̀gá Sùúrù kò sọ pé kí n ṣe sùúrù.

"Mo ní agbára láti gbé yín síwájú. Mi ò lò ó rí àfi tí àwọn tó wà níwájú bá gbà. Bí mo bá lò ó lẹ́ẹ̀kan láìbi wọ́n, kò sẹ́ni tó máa gba ìlà gbọ́ mọ́."

"Tí wọ́n bá gbà ńkọ́?"

"Kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ fún mi."

Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn. Màmá ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. "Èèyàn lè gbójú kúrò lára lẹ́tà. Gbéra, lọ bá wọn."

Ọjọ́bọ̀, 4 Òkúdù

Mo rìn láti ilé kan sí èkejì nínú òjò, bàtà mi kún fún omi.

Oníràwọ̀ kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó yí àga rẹ̀ padà, ó sì dá gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dúró lójú mi. "Ìràwọ̀ mi ti ń tàn kí èèyàn kankan tó wà láyé. Á dúró dè mí di Ọjọ́ Ajé."

Obìnrin tó ń ṣèwádìí lórí ẹja ní kí n máa gba tòun lọ, pé ẹ̀rọ tó ń bá òun ka ẹja ti bàjẹ́, òun ò ní nǹkan tí òun fẹ́ fi ṣe.

Ẹni tó kù ni ọmọkùnrin tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa afárá. Yàrá rẹ̀ rùn fún kọfí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa dúró níwájú àwọn olùdánwò rẹ̀, kọ̀ńpútà mẹ́fà ló sì nílò fún ọjọ́ kan.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Tí mi ò bá ṣe é báyìí, ọdún kan ló tún di. Mi ò lè ṣe é."

Mo wò ó. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ó tọ̀nà, pé kó má fà sẹ́yìn nítorí mi. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, lẹ́yìn náà mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé wọn, mi ò mọ ibi tí mo máa gbà.

Oníràwọ̀ ló bá mi níbẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, "Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ogójì?"

Kò sí ìdí kankan. Ogójì ni mo kọ́kọ́ kọ lọ́jọ́ kìíní, ó kàn mọ́ mi lára ni. Pẹ̀lú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, iṣẹ́ náà á fi wákàtí díẹ̀ pẹ́ sí i, ọmọ afárá á sì ní mẹ́fà rẹ̀. Mo padà lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó gbá mi mọ́ra, èyí tí àwa méjèèjì ò retí.

Ẹtì, 5 Òkúdù

Gbogbo wọn ti lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Sùúrù fúnra wọn. Ní ọ̀sán, ọ̀rọ̀ tó wà níwájú iṣẹ́ mi yí padà: ó ń ṣiṣẹ́.

Àbámẹ́ta, 6 Òkúdù

Ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ńpútà náà kú láàárọ̀, iṣẹ́ sì dúró. Mo pe Ọ̀gá Sùúrù. Ó wá láti ilé rẹ̀ pẹ̀lú súwẹ́tà rẹ̀, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó fi pamọ́ gbẹ̀yìn, bíi pé kò sóhun tó ṣe é. Mo ra ẹran fún gbogbo ilé.

Ọjọ́ Ajé, 8 Òkúdù

Ó ti parí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo lọ sọ fún Oníràwọ̀ kó tú iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwa méjèèjì la jọ ṣí máàpù náà.

Òpópónà àwọn alájópọ̀ irin gbẹ. Ó mí kanlẹ̀. Mo wá wo ilé ẹ̀kọ́ orí òkè, ibi tí wọ́n fẹ́ kó àwọn èèyàn lọ. Ó gbẹ. Àmọ́ omi wà lẹ́yìn rẹ̀, omi wà níwájú rẹ̀, omi wà lọ́tùn-ún àti lósì. Kò sí ọ̀nà kankan tó wọ ibẹ̀ mọ́. Máàpù fi hàn pé á wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀.

Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí di ìrọ̀lẹ́. Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n rán àwòrán náà sí àwọn. Wọ́n pè padà.

"Mi ò rí àṣìṣe. Lọ síbẹ̀ lọ fi ojú ẹ wò ó."

Ìṣẹ́gun, 9 Òkúdù

Èmi àti Ẹnjiníà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ náà láàárọ̀. Òkè ni lóòótọ́, láti ibẹ̀ èèyàn ń rí gbogbo òrùlé. A rìn lọ sẹ́yìn. Ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá rẹlẹ̀ ju bí a ṣe rò, koríko sì bo kòtò gígùn kan tí ẹnikẹ́ni ò kà sí odò mọ́. Ẹnjiníà sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà rẹ̀. Koríko náà dé èjìká rẹ̀.

"Ará Kọ̀ńpútà."

"Mà."

"À bá ti kó wọn wá síbí."

Ọmọ afárá kọ̀wé sí mi lọ́sàn-án: ó ti yege.

Ọjọ́rú, 10 Òkúdù

Ìpàdé. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo èèyàn lọ sí gáréèjì bọ́ọ̀sì dípò ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, bàbá àgbàlagbà kan tó wọ kóòtù, dìde. Ó ti gbá gbogbo kíláàsì, ó ti tẹ́ ẹní, ó ti kó omi jọ.

"Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ mi ò rì rí."

"Kò ní rì, sà. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló máa rì. Tí ẹnì kan bá rọbí níbẹ̀, tàbí tí àìsàn bá kọlu ẹnì kan, kò sí mọ́tò tó máa lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Ó fi ìka tọ ọ̀nà náà lórí máàpù. Mò ń rò ó pé tí omi ò bá wá gba ibẹ̀, mo ti da gbogbo ìlú láàmú lásán, mo sì ti dójú ti bàbá yìí.

Ó dé fìlà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ n lọ kó àwọn ẹní náà wá."

Ẹtì, 12 Òkúdù

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn dáàmù láàárọ̀. Àwa wà ní gáréèjì, ibi tí wọ́n ti kó àwọn bọ́ọ̀sì jáde kí èèyàn lè wọlé. Màmá bá wa wá, pẹ̀lú orúnkún wọn. Kí n tó wẹ̀yìn, wọ́n ti ń darí àwọn tó ń gba tíì àti búrẹ́dì. Àwọn tó ní ife tiwọn ni wọ́n ń sún síwájú, wọ́n ní tiwọn ò ní pẹ́. Oníràwọ̀ ló ń gé búrẹ́dì. Mo gbọ́ tí Màmá ń bi í bóyá ó ti jẹun, tí wọ́n sì ń bá a tún bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe kó tó dáhùn.

Mo gun òkè lọ sí fèrèsé ọ́fíìsì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Omi ti gba ọjà kékeré, ó ti gba pápá bọ́ọ̀lù. Ó pẹ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, koríko tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, a ò sì rí i mọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀nà iwájú náà lọ. Ilé ẹ̀kọ́ dá dúró láàárín omi, ó mọ́ tónítóní, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Bàbá náà ṣí fìlà, ó dì í mú sí àyà.

Ó ní, "Ó dáa tí mo kó àwọn ẹní wá."

Àìkú, 14 Òkúdù

Omi ti ń fà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹnjiníà ní kí n tẹ̀ lé òun ká lọ wo àmì ẹrẹ̀ lára ògiri, ká mọ ibi tí omi dé gan-an. Ilé lẹ́yìn ilé, ó bá máàpù mu. Inú mi ń dùn, mo tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀, títí a fi dé ilé aránṣọ kan ní ìgun òpópónà. Mo ti fi í sínú àwọn tó máa gbẹ. Àmì ẹrẹ̀ ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lára ògiri rẹ̀.

Aránṣọ náà wà nínú ilé, ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó ń gbá ẹrẹ̀ jáde. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò sóhun tó ṣe é. Ó wo máàpù tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ṣé ìwọ lo ní omi ò ní dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dé."

"Mo rí i, mà. Ẹ má bínú. N ó wo ibi tí mo ti ṣì í."

Ó tún wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó wọ yàrá lọ, ó sì pè mí láti ibẹ̀ pé kí n máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, tó tẹ́ sórí ilẹ̀, ti mu omi láti ìsàlẹ̀, ó wúwo bí òkúta.

Ó ní, "Di orí ọ̀hún mú."

Mo fi máàpù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo di orí bẹ́ẹ̀dì mú, a sì gbé e jáde sínú oòrùn.